Ejò tí mo pè ní àmúlùmálà

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ó dá lórí ejò kan, ó dá lórí ẹ̀bẹ̀ tí mo jẹ àbúrò mi, ó sì dá lórí nǹkan kan tí màmá mi ní kí n kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ejò ń bà, ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò fi àwòrán kankan sínú thread yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi láti ọdún tó kọjá á rántí fídíò kan: ejò funfun tó ní àwọ̀ yẹ́lò lára, tó ká jọ bíi bọ́ọ̀lù nínú agbọ̀n. Ohun tí mo kọ gàdàgbà sójú fídíò náà ni, "EJÒ ÀMÚLÙMÁLÀ! Òjòlá ló gun mọ́námọ́ná!" Èmi tí inú mi máa ń dùn tí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn bá wo iṣẹ́ mi, ìyẹn wọ mílíọ̀nù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Òun ló mú ìpolówó àkọ́kọ́ tí wọ́n sanwó fún wá bá mi.

Irọ́ ni mo kọ. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò wádìí náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Abúlé ìyá màmá mi wà lápá Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibẹ̀ ò jìnnà sí ẹnubodè, àwọn míì níbẹ̀ máa ń ná ọjà Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, kì í ṣe igbó kìjikìji. Wọ́n ń gbin àgbàdo, gbágùúdá àti ẹ̀pà. Ibi tí ẹ̀pà bá sì wà, eku àti òkété á wà níbẹ̀. Ibi tí òkété bá gbẹ́ ihò sí, mọ́námọ́ná á yà síbẹ̀.

Fún ẹ̀yin ọmọ Èkó tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n: mọ́námọ́ná ni ejò tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python. Kò lóró. Kì í sábàá gùn ju mítà 1.5 lọ. Ara rẹ̀ dúdú, ó wá ní àwọn àmì tó dà bí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ. Tí ẹ̀rù bá bà á, kì í fẹ́ jà. Ṣe ló máa ká ara rẹ̀ jọ rogodo, tó máa ki orí bọ àárín bí ọmọ tó rí pàṣán.

Òjòlá, tí àwọn míì ń pè ní erè, yàtọ̀ sí i. Òun ni ejò tó tóbi jù ní gbogbo Áfíríkà. Ó lè gùn tó mítà 5, odindi ewúrẹ́ ló lè gbé mì. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti mọ́námọ́ná lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra: ẹyin mọ́námọ́ná kì í sábàá ju 11 lọ, ti òjòlá lè tó 50 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀.

Àbúrò màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Oko, ni wọ́n rí ejò funfun yẹn lẹ́nu ihò nígbà tí wọ́n ń kórè ẹ̀pà. Wọ́n ní àwọn kọ́kọ́ rò pé ọ̀rá tí atẹ́gùn gbé wá ni, àfìgbà tí ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Wọn ò pa á. Ìyẹn nìkan tó ìròyìn, torí lábúlé wa, ejò tó bá yọjú, àdá ló máa pàdé. Ìyá àgbà ló fà á. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n máa ń kó aṣọ lọ tà ní Ouidah, níbi tí tẹ́ńpìlì kan wà tí mọ́námọ́ná ń gbé. Wọ́n ní níbẹ̀, ejò lè jáde lóru kó wọlé onílé, kò sẹ́ni tó máa pa á, ṣe ni wọ́n á rọra gbé e padà sí tẹ́ńpìlì. Látìgbà yẹn, Ìyá àgbà ò jẹ́ kí wọ́n pa mọ́námọ́ná lójú wọn. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé funfun lèyí, wọ́n ní, "Ẹ má fi àdá kan ohun Ọbàtálá." Ni wọ́n bá gbé e sínú agbọ̀n, wọ́n fi òkúta lé ọmọrí.

Mo wà lábúlé lọ́jọ́ náà, mo wá kí Ìyá àgbà. Gbogbo èèyàn pé lé agbọ̀n lórí. Ẹnì kan ní òjòlá ló gun mọ́námọ́ná, pé ṣé a ò rí orí rẹ̀ ni. Ẹlòmíì ní rárá, sèbé ni bàbá rẹ̀, pé ṣé a ò rí ọrùn rẹ̀ ni. Bàbá kan tó jókòó sórí ọ̀kadà ní ejò òyìnbó ni, ó sá jáde nílé olówó kan l'Ékòó. Kálukú ló rí ẹ̀rí tó ń wá lára ejò kan ṣoṣo yẹn. Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀líírí. Ẹ sì wò ó, àárín èèpo ẹ̀pà gan-an la dúró sí lọ́jọ́ náà.

Èmi ní tèmi ti fa fóònù yọ. Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ mi. Mo ka Mass Communication jáde, mo sin ìlú, mo wáṣẹ́ títí, kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù jẹun. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lo ní kí àtàǹpàkò ẹni tó ń wò ó tó ṣí lọ. "Ejò funfun" ò lè dá àtàǹpàkò dúró. "Ejò àmúlùmálà" lè dá a dúró. Mo gba ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo fi ohùn sí i, mo gbé e síta kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Kọ́mẹ́ǹtì ya wọlé bí òjò. "Ìyá ejò yìí ti lọ síta o." "Ọkọ ẹ̀ rìnrìn-àjò ni." "Ẹ lọ ṣe DNA fún ọmọ yìí." Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo tiẹ̀ fi ọkàn pupa sí èyí tó sọ̀rọ̀ DNA.

Ọkùnrin kan náà wọ DM mi. Ó ní òun máa ń ra ejò lápá ibí àti lódìkejì ẹnubodè, pé ṣé eléyìí ṣì wà láàyè. Mo bi Dádì Oko, wọ́n ní kí n fún un ní nọ́ńbà àwọn. Mo fún un, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kẹta ni àbúrò mi ọkùnrin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ọmọ ọdún 19 ni, ó wà ní yunifásítì. Ohun tó kọ rèé:

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti wo fídíò ejò yín. Ara ẹ̀ rí bíi tèmi. Ó tún ń gbé orí sá fún iná fóònù yín bí èmi náà ṣe máa ń ṣe. Ṣé èmi náà àmúlùmálà ni?"

Ó fi ẹ̀rín sí i níparí. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Òun ló máa ń fi bo ọ̀rọ̀ tó bá dùn ún.

Mi ò tíì sọ fún yín: àfín ni àbúrò mi.

Èmi tí mo bá àfín dàgbà nínú yàrá kan náà, tí mo máa ń wá fìlà fún un ká tó jáde sóòrùn, tí mo máa ń ka ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù fún un nígbà tá a jọ wà ní ilé ìwé kan náà. Mo rí ejò àfín ní ọ̀sán gangan, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún 6 ni mí nígbà tí màmá mi bí i. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣí aṣọ lójú ọmọ, wọ́n wò ó, wọ́n sì fi aṣọ bò ó padà. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n sọ, etí mi ló gbọ́ ọ: "Àmúlùmálà rèé. Ẹ bi ìyá rẹ̀ ibi tó ti rí i."

Nígbà yẹn, màmá mi ń ta oúnjẹ nítòsí ibi tí àwọn òyìnbó kan ti ń ṣe ọ̀nà. Ìyẹn ti tó ẹ̀rí fún wọn. Wọ́n ka oṣù. Wọ́n béèrè ẹni tó máa ń wá jẹ ìrẹsì. Àwọn tó fẹ́ ṣàánú màmá mi ní oòrùn ọ̀sán ló pa á nígbà tó wà nínú oyún. Ìyá àgbà nìkan ló gbé ọmọ náà jó, wọ́n ní ẹni òrìṣà ló wọlé wá.

Bàbá mi ò sọ pé ọmọ àwọn kọ́. Wọn ò sì sọ pé ọmọ àwọn ni. Iṣẹ́ gbé wọn lọ sí ìlú míì. Wọ́n ń wálé lóṣooṣù, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó wá di owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nìkan. Kò sẹ́ni tó kọ ẹnì kankan sílẹ̀ nílé ẹjọ́. Ilé kàn ṣófo ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló tú ilé wa. Òun náà ni mo kọ gàdàgbà sójú fídíò, tí mo sì fi gba owó.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo kàwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tí kò ka sáyẹ́ǹsì, torí èmi náà ò kà á.

Àwọ̀ ara ejò kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ fi wé ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ògiri. Ọ̀dà dúdú wà, melanin ni wọ́n ń pè é, òun náà ló wà lára èmi àti ẹ̀yin. Ọ̀dà yẹ́lò wà lọ́tọ̀. Ara àfín ò lè ṣe melanin bó ṣe yẹ. Tí ti dúdú bá wá lọ, ti yẹ́lò ò ní bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mọ́námọ́ná àfín fi máa ń funfun, tó sì máa ń ní yẹ́lò lára. Ojú rẹ̀ pọ́n torí kò sí dúdú tó máa bo ẹ̀jẹ̀ inú ẹyinjú. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ òjòlá. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ sèbé. Ohun kan ló dín lára rẹ̀, kò sí ohun tó ti ìta wọlé.

Báwo ló ṣe dín? Gbogbo wa la gba gene ní ẹ̀dà méjì-méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹ fi wé ilé tó ní jẹnẹrétọ̀ méjì. Tí ọ̀kan bá kọṣẹ́, èkejì ń gbé iná, aládùúgbò ò ní mọ̀ láéláé. Onílé gan-an lè má mọ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá kọṣẹ́ ni aráyé á tó rí i.

Irú àfín tó wà lára àbúrò mi, tó kan awọ, irun àti ojú, bó ṣe ń rí nìyẹn. Ọmọ ò lè ní in àyàfi tó bá gba ẹ̀dà tí kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá ÀTI lọ́wọ́ bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá dúdú, ìyá dúdú, kò sí àmì kankan lára wọn, àwọn méjèèjì ló gbé e. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ àfín.

Òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà ò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ọmọ tí òyìnbó àti adúláwọ̀ bá jọ bí, àwọ̀ rẹ̀ sábàá máa ń wà láàárín méjèèjì. Àwọ̀ tí wọ́n fi ní bàbá ò mọ̀ nípa rẹ̀, láìsí ọwọ́ bàbá níbẹ̀, kò lè jáde.

Bọ́rọ̀ ejò náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń sin ejò lókè òkun ti ń ra mọ́námọ́ná tó ní àwọ̀ àrà tí wọ́n bá mú nínú igbó lápá ibí wa, wọ́n á sì fi bí ọmọ. Ní 1992, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ rí mọ́námọ́ná àfín bí níbi tí wọ́n ti ń sin wọ́n. Tí wọ́n bá fi àfín gun mọ́námọ́ná lásán tí kò gbé gene náà, gbogbo ọmọ á dúdú bí mọ́námọ́ná lásán. Funfun á pòórá. Ìgbà tí àwọn ọmọ dúdú yẹn bá gun ara wọn ni funfun á tún yọ, bí ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ṣé ẹ rí i? Jẹnẹrétọ̀ méjì.

Àmúlùmálà wà o, mi ò sọ pé kò sí. Gbogbo wa la mọ ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn tó ń sin ejò ti fi mọ́námọ́ná àti òjòlá ilẹ̀ Burma bí ọmọ. Irú ejò bẹ́ẹ̀ máa ń mú lára bàbá, á mú lára ìyá: ìdúró rẹ̀, orí rẹ̀, àmì ara rẹ̀. Nínú igbó náà, ó ń ṣẹlẹ̀. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn New Mexico, oríṣi rattlesnake méjì wà tí ilẹ̀ wọn pàdé, wọ́n sì ń bá ara wọn bímọ láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀.

Àmọ́ èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ jù ni ti Florida. Irà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Everglades. Òjòlá Burma ti kún ibẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yẹn, ọwọ́ àwọn tó ń fi ejò ṣe ohun ọ̀sìn ló ti bọ́ sígbó, ó sì ti ń bí síbẹ̀ tipẹ́. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì U.S. Geological Survey tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ DNA ejò bí 400 wò, àwọn tí wọ́n mú láàárín 2001 sí 2012. Òjòlá Burma ni wọ́n ka gbogbo wọn sí. Ṣùgbọ́n 13 nínú wọn gbé àmì òjòlá ilẹ̀ Íńdíà.

Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? DNA tó wà lára wa pín sí ọ̀nà méjì. Èyí tó pọ̀ jù, bàbá àti ìyá ló jọ fún wa. Èyí tó kéré, tó wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní mitochondria, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá. Ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ìyá fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ọmọ náà tún fún tirẹ̀, títí lọ. Ejò 13 yẹn jọ ti Burma lójú. Tí ẹ bá yẹ DNA tí bàbá àti ìyá jọ fún wọn wò, ti Burma náà ló jọ. Àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ Íńdíà wà nídìí wọn. Àwọn onímọ̀ náà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oríṣi méjèèjì ti pàdé níbì kan nínú ìran wọn.

Ìyẹn ni mo jókòó tì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ejò tí gbogbo ayé bá mi pè ní àmúlùmálà, àfi bí ọmọ mọ́námọ́ná méjì tó ṣe déédéé ló rí. Àwọn tó ní ìtàn àmúlùmálà lára sì wà nínú irà Florida, wọ́n jọ ẹgbẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ojú wa kàn ń mú ẹni tó bá yàtọ̀ ni. Ẹni tó bá jọ ti gbogbo èèyàn, a kì í bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo pe Dádì Oko. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ejò yẹn ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Wọ́n ti wá gbé e. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ló san. Mo ti fi ra páànù sí ilé ìdáná Ìyá àgbà."

Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yẹn ní irọ́ ni ẹ̀ ń pa lórí fóònù o. Ó ní kì í ṣe àmúlùmálà, ó ní àfín ni. Ó ní òun ti mọ̀ látìgbà tóun ti rí i."

Ẹni tó rà á mọ̀. Èmi tí mo polówó rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Mi ò lè bá Dádì Oko jà. Òjò ti ń rọ̀ sórí ìkòkò ọbẹ̀ Ìyá àgbà láti ọdún tó ṣáájú. Àmọ́ mo mọ ibi tó ṣeé ṣe kí ejò náà máa lọ. Tógò, Benin àti Gánà ni wọ́n ti ń kó mọ́námọ́ná lọ sókè òkun jù lọ. Àdéhùn àgbáyé tó ń jẹ́ CITES sọ pé ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kọjá ẹnubodè. Ejò tó wà nínú àpò lẹ́yìn ọ̀kadà, ta ló fẹ́ béèrè ìwé rẹ̀? Ó ti yè é láìmọye ọdún pẹ̀lú awọ funfun nínú oko, níbi tí àṣá ti ń rí i látòkè. Fóònù mi ló wá rí i.

Mo pe àbúrò mi. Mo tọrọ àforíjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gene, ẹ̀dà méjì, jẹnẹrétọ̀ méjì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti mọ̀ látìgbà tí mo wà ní SS2. Tíṣà Biology ya àpótí mẹ́rin sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n kọ 'àfín' sínú ọ̀kan. Gbogbo kíláàsì yíjú wò mí."

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ nílé?"

Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Àti pé, tí mo bá tiẹ̀ jẹ́ àmúlùmálà ńkọ́?"

Mi ò ní èsì. Láti òru ni mo ti ń kó ẹ̀rí jọ pé kì í ṣe àmúlùmálà, bí ẹni pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún un ìbá tọ́. Àwọn ejò 13 yẹn ò ṣẹ ẹnì kankan pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wọn. Mo ní, "Àbúrò mi lo ṣì máa jẹ́." Ó ní, "Ẹ ṣeun." Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ẹ̀rín sí i.

Mo bi í bóyá kí n pa fídíò náà rẹ́. Ó ní rárá. Ó ní tí mo bá pa á rẹ́, àwọn tó ti wò ó á kú sínú irọ́ yẹn ni, kí n kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo tún ṣe fídíò míì tó ṣàlàyé. Èèyàn tó wò ó ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wo ti àkọ́kọ́. Ẹni tí mo fi ọkàn pupa sí ọ̀rọ̀ DNA rẹ̀ kọ síbẹ̀ pé òun fẹ́ràn ti tẹ́lẹ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó ní ìgboyà láti sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣà á, mo sì ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Mummy, ara ẹ̀yin àti dádì ló ti wá. Ẹ̀yin méjèèjì. Kò hàn lára yín ni. Tí ọ̀kan nínú yín ò bá ní in, kì í jáde."

Wọn ò dáhùn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo rò pé wọn ò gbọ́, tàbí pé inú ń bí wọn pé mo tún hú ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́yìn ọdún 19.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o lè kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní, "Èwo nínú ẹ̀, ma?"

Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀. Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ méjì. Kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ̀gbọ́n dádì yín lè kà á."

Mummy, òun rèé.